Ẹ Má Di Ẹ̀bi Alààyè Ru Iwin

Ní ìlú kékeré Weston, ní ìpínlẹ̀ West Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé olókùúta ràgàjì kan wà tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, tí ilé aago orí rẹ̀ sì ga tó 200 ẹsẹ̀ bàtà. Láti oṣù October 1864 títí di 1994, àwọn alárùn ọpọlọ ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá ra tikẹ́ẹ̀tì ló ń wọlé. Tikẹ́ẹ̀tì ọ̀sán wà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn ilé náà, tòru sì wà fún ẹni tó fẹ́ máa fi tọ́ọ̀ṣì wá iwin kiri nínú òkùnkùn. Wọ́n ní ọmọdébìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lily ṣì ń ṣeré níbẹ̀, ìyẹn làwọn àlejò fi máa ń gbé ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀ dè é. Ní ìparí October 2009, ètò tẹlifíṣàn Ghost Adventures gbé kámẹ́rà wọ ilé náà lóru, wọ́n sì ń fi gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe hàn aráyé lójú ẹsẹ̀. Èmi ò ní jiyàn bóyá iwin wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìtàn iwin, bí wọ́n ṣe ń tà á níbẹ̀, ń sọ ẹ̀bi kalẹ̀ lọ́rùn àwọn tó jẹ̀bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn ní ọjọ́, ó ní iye owó, ó sì ní àwọn tó buwọ́ lù ú. Iwin kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí pé kì í ṣe ìkà ló kọ́ ilé náà. Ní 1854, dókítà ará Pennsylvania kan, Thomas Story Kirkbride, tẹ ìwé jáde lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ́ ilé ìwòsàn fún àwọn tí orí wọn dàrú. Títí dìgbà náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ilé àwọn òtòṣì ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, wọ́n a sì máa fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn kan mọ́lẹ̀. Kirkbride gbà pé ilé fúnra rẹ̀ lè jẹ́ oògùn. Ó ní kí wọ́n kọ́ ọ ní apá-apá, kí apá kan máa yẹ̀ sẹ́yìn èkejì, kí oòrùn àti atẹ́gùn lè ráyè wọlé láti ọ̀tún àti òsì. Ó ní kí oko àti ọgbà òdòdó wà níbẹ̀, kí aláìsàn lè rí iṣẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ ṣe, kí ojú rẹ̀ sì máa rí ewéko. Ó tún là á mọ́lẹ̀ pé aláìsàn inú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 250 lọ. Ìlànà yìí ni ayàwòrán ilé Richard Snowden Andrews tẹ̀ lé nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Weston ní 1858. Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà dá iṣẹ́ náà dúró ní 1861, kò sì parí tán títí di 1881. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kò farasin: iye èèyàn ni ìwòsàn náà so mọ́. Ẹni tó bá sọ iye yẹn nù, ìwòsàn ló sọ nù.

Iye yẹn ni wọ́n sì sọ nù. Ní 1880, kí wọ́n tó kọ́ ilé náà tán, aláìsàn 717 ló ti wà níbẹ̀. Ní 1938 wọ́n ti di 1,661, nígbà tó sì di àárín ọ̀rúndún ogún, wọ́n ti lé ní 2,000. Ìlọ́po mẹ́jọ iye tí Kirkbride fi lélẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ilé tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí tí kò ní di ọgbà ìyà. Èèyàn ò sì ṣàdédé pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan yẹ ibẹ̀ wò ní 1938, wọ́n bá àwọn oníwárápá níbẹ̀, wọ́n bá àwọn ọ̀mùtí àti àwọn tí oògùn olóró ti wọ̀ lẹ́wù, wọ́n bá àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé láti kékeré. Ẹnikẹ́ni tí ẹbí àti ìjọba kò mọ ibi tí wọ́n lè fi sí, Weston ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Àwọn aláwọ̀ dúdú pàápàá, yàrá tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n kọ́ parí ní 1873, kí wọ́n má baà bá aláwọ̀ funfun gbé pọ̀. Òfin ilẹ̀ àti ìṣúnná owó ìpínlẹ̀ ló ṣe gbogbo èyí, kò sí ẹ̀mí àìrí kankan níbẹ̀.

Àkọsílẹ̀ kan wà tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ hàn kedere. Ìwé ilé ìwòsàn náà láti 1864 dé 1889 to àwọn ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣokùnfà wèrè àwọn aláìsàn lẹ́sẹẹsẹ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín làwọn èèyàn fi ń rín, torí pé ìwé ìtàn àròsọ kíkà wà nínú rẹ̀, ìmẹ́lẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹṣin tó ta èèyàn nípàá lórí náà wà níbẹ̀. Àwọn kan á sì sọ pé tí obìnrin bá ti ń ka ìwé ìtàn, ọkọ rẹ̀ lè sọ ọ́ sí Weston. Àsọdùn ni. Okùnfà ni àkọsílẹ̀ náà ń tọ́ka sí, kò sọ pé tìtorí ìyẹn nìkan ni wọ́n ṣe mú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá farabalẹ̀ kà á yóò rí ohun mìíràn láàárín ohun tó ń pa aráyé lẹ́rìn-ín: ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, wàhálà inú ilé wà níbẹ̀, ogun wà níbẹ̀, ikú àwọn ọmọ lójú ogun náà wà níbẹ̀. Òbí tí ogun pa lọ́mọ, tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ títí orí rẹ̀ fi dàrú, ló wà lẹ́yìn ìlà kan ṣoṣo yẹn. Ìtàn yìí kò nílò iwin kó tó dẹ́rù bani. Ohun tó nílò ni ẹni tí yóò kà á láìrẹ́rìn-ín.

Ní 1949, ìwé ìròyìn Charleston Gazette tú àṣírí ibẹ̀: ẹ̀gbin gbòde, ìjókòó àti bẹ́ẹ̀dì kò tó, iná kò tó, ọ̀pọ̀ ibi nínú ilé náà ni kò sì ní ohun tó lè mú ara móoru nígbà òtútù. Apá kan ṣoṣo ló sàn, ìyẹn apá tí iná jó ní 1935 tí wọ́n tún kọ́. Lẹ́yìn náà ni ọdún 1952 dé. Ìpínlẹ̀ West Virginia pe Walter Freeman, dókítà tó sọ iṣẹ́ abẹ lobotomy di ohun tí wọ́n ń ṣe wàràwàrà. Yóò gbé irin ṣóńṣó gba abẹ́ ìpéǹpéjú aláìsàn, yóò fi òòlù kàn án gba egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè ẹyinjú wọlé, yóò sì yí i síwá sẹ́yìn láti gé àwọn fọ́nrán iwájú ọpọlọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì bèèrè yàrá iṣẹ́ abẹ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣe é fún èèyàn 228 ní àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ náà, títí kan Weston. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún ní Amẹ́ríkà kú, àwọn mìíràn sì di ẹni tó kàn ń wò suu. Ó yẹ ká rántí pé kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Ní 1949, wọ́n ti fún António Egas Moniz ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ abẹ tí ti Freeman ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀sán gangan ni Freeman ṣe é, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba àti ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìrìn òru àwọn onítọ́ọ̀ṣì ń wá ìbẹ̀rù síbi tí kò sí. Ìbẹ̀rù tó wà ní Weston, ojúmọmọ ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìtàn iwin ń ṣe sí gbogbo èyí. Ó kọ́kọ́ mú ọjọ́ kúrò: bóyá 1880 ni, bóyá 1950 ni, ohun gbogbo di ìgbà láéláé. Lẹ́yìn náà ó mú ẹni tó ṣe é kúrò. Aṣòfin tó kọ̀ láti fowó sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ tó buwọ́ lùwé àti ẹbí tó mú èèyàn wá tí kò padà wá wò ó mọ́. Èyí tó burú jù ni pé ó yí aláìsàn padà. Ẹni tí wọ́n ṣe níkà wá di ẹni tó ń dẹ́rù bani. Ó wà láàyè, wọ́n ń sá fún un. Ó kú tán, wọ́n ń sanwó kó lè lé wọn. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ìrìn òru náà kò ju èyí lọ: ìwòran ni, láìsí ìrora ẹni tó bí i. Kò sì tán síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilé àtijọ́ náà pa, ilé ìwòsàn ọpọlọ tuntun tó rọ́pò rẹ̀, inú ìlú Weston kan náà ló wà. Àwọn tó ń gbàtọ́jú níbẹ̀ lónìí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fi irú wọn ṣe ìdẹ́rùbani lásìkò Halloween. Abájọ tí àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ alárùn ọpọlọ fi fárígá nígbà tí ẹni tó ra ilé náà dá orúkọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń pè é ní ilé àwọn wèrè padà sára pátákó.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí owó iwin ló gba ilé náà là?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìjọba ti ilẹ̀kùn ní 1994, ilé náà sì wà bẹ́ẹ̀, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á. Ní 1999, àwọn ọlọ́pàá wọ inú rẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ọ̀dà ṣeré, wọ́n sì ba àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́. Ní 2007 ni wọ́n gbé e sórí gbàǹjo, agbaṣẹ́ṣe kan, Joe Jordan, sì rà á ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là. Owó tikẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe, àwọn yàrá ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kó àwòrán tí àwọn aláìsàn fọwọ́ ara wọn yà sí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ohun tí àwíjàre yìí fi hàn ni pé ìjọba tó ni gbèsè ìtàn náà lọ́rùn ló gbé e jù sílẹ̀ fún ọjà. Ọjà a sì máa ta ohun tó bá yá. Mi ò bá ẹni tó rà á wí pé ó ń wá owó tí yóò fi kan òrùlé. Ohun tí mo sọ ni pé òrùlé tí a gbà là kò tíì túmọ̀ sí pé a gba ìtàn là. Àwọn òkúta ṣì dúró digbí, ṣùgbọ́n lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé náà, ọ̀pọ̀ sàréè àwọn aláìsàn ni kò ní orúkọ lórí.

Àwọn mìíràn á ní láìsí iwin, èèyàn ò ní wá, pé ta ni yóò sanwó wo ìwé ìṣirò? Ẹ jẹ́ ká dé Salem ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbẹ̀ ti wà láti 1883, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ya fíìmù *One Flew Over the Cuckoo's Nest* tó jáde ní 1975. Ní 2004, àwọn aṣòfin tó lọ yẹ ibẹ̀ wò ṣí yàrá kan, wọ́n sì bá agolo bàbà tó tó 3,500 lórí pẹpẹ. Eérú òkú àwọn aláìsàn tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé ló wà nínú wọn. Omi ti wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn agolo náà, bàbà ti dípẹtà, ó ti hu àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró lára, kò sì sí méjì tó jọra. Wọn ì bá ti sọ ọ́ di ìtàn iwin tó lágbára ju ti Lily lọ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ àwọn òkú náà síta kí ẹbí lè wá gbé èèyàn wọn. Ìwé ìròyìn The Oregonian kọ ọ̀rọ̀ olóòtú lórí ohun tó ń lọ nínú ilé ìwòsàn náà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Pulitzer fún un ní 2006. Nígbà tó di 2007, ilé aṣòfin fọwọ́ sí owó tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn tuntun. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣí níbẹ̀ ní 2012, ojúbọ ìrántí àwọn eérú náà sì tẹ̀ lé e ní 2014. Ohun tí eérú òkú ṣe fún alààyè nìyẹn: bẹ́ẹ̀dì tuntun, ilé tuntun. Iwin kan kò ì bá tí ì sún aṣòfin kan láti dìbò.

Ní Brazil, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú Barbacena ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais, wọ́n dá ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní Colônia sílẹ̀ ní 1903. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó àwọn èèyàn débẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní àrùn ọpọlọ rárá: àwọn òtòṣì, àwọn ọmọbìnrin tó lóyún àìròtẹ́lẹ̀, àwọn tó ń da alágbára láàmú, àwọn aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ láàárín wọn. Oníròyìn Daniela Arbex, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2013, kọ ọ́ pé ó tó 60,000 èèyàn tó kú síbẹ̀, pé wọ́n sì ta òkú 1,853 fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Nígbà tí dókítà ará Ítálì, Franco Basaglia, ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀ ní 1979, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì ló fi wé. Láti 1996 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà níbẹ̀, èèyàn ń wá, ohun tí wọ́n sì ń bá níbẹ̀ ni fọ́tò àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹ àwọn aláìsàn níyà. Ariwo tí àwọn oníròyìn àti òṣìṣẹ́ ìlera pa lórí ibẹ̀ wà lára ohun tó sún Brazil dé ibi òfin àtúnṣe ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ní 2001. Irọ́ ni pé ìtàn gidi kì í fa èrò.

Yorùbá kan tó ń ka èyí lè bi mí pé: "Ṣé o fẹ́ sọ pé òkú kì í bínú ni?" Rárá o. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú ohun tó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí àwọn baba wa ń ṣe bí wọ́n bá gbọ́ pé òkú ń da ilé láàmú. Wọn kì í sanwó láti wá wòran rẹ̀. Wọ́n á tọ babaláwo lọ, wọ́n á bèèrè pé kí ló pa á, ta ló ṣẹ̀ ẹ́, ṣé wọ́n sin ín bó ṣe yẹ, kí sì ni ètùtù. Ìbéèrè ọ̀ràn ni, ó sì ní ẹni tí yóò dáhùn. Bí àjẹ́ bá ké lánàá tí ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìjọba gé owó lánàá, wọ́n rọ́ èèyàn lé èèyàn lórí, aláìsàn kú lónìí, a wá ní iwin ló ń sunkún lókè àjà! Ẹni tó gbà pé òkú Weston ń rìn lóru gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ìwé ìṣúnná owó.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ìrònú kan náà, pé ká kó wọn sínú ọgbà kan, ló bá ìjọba amúnisìn dé Yábà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé fún àwọn alárùn ọpọlọ ní 1907. Títí dòní, bí ará Èkó bá fẹ́ bú ẹnìkejì rẹ̀, "Yaba Left" ni yóò sọ. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n gbé e lọ sí Àrò. Ẹ̀fẹ̀ yìí àti ìrìn òru Weston, ọmọ ìyá ni wọ́n. Síbẹ̀ Àrò tí wọ́n fi ń búni yìí ni Thomas Adéoyè Lambo ti ṣe ohun tí ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti 1954, dípò kó ti aláìsàn mọ́lé, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ní Abẹ́òkúta, tàwọn ti ẹbí tó tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n máa lọ gbàtọ́jú kí wọ́n sì máa padà sílé. Kirkbride ní ilé ló ń woni sàn; Lambo fi hàn pé èèyàn ni. Ìgbà tí àwọn ti Weston gba èèyàn mìíràn kúrò ní tòsí aláìsàn, tí ó ku ilé nìkan, ni ilé náà di ohun tó dà.

Nítorí náà, kí wọ́n má ti ilé náà pa, kí wọ́n má sì lé àlejò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ra tikẹ́ẹ̀tì òru bí kò bá tíì rin ìrìn ọ̀sán. Kí wọ́n yọ owó nínú gbogbo tikẹ́ẹ̀tì iwin láti fi wá orúkọ àwọn tó wà lórí òkè yẹn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára òkúta. Kí wọ́n to àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ náà sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, kí iye aláìsàn àti iye owó tí wọ́n fi sílẹ̀ wà lábẹ́ orúkọ oníkálukú, 1952 náà kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Bí iwin bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, èyí kò ní pa á lára, àfi kó tù ú nínú. Bí kò bá sì sí, ẹ̀bi yóò kúkú ti padà sọ́rùn àwọn tó ni ín.